Omi Ọmú Mi Ò Gbẹ, Orí Ọmọ Ló Wọ́

Bí ẹ bá ti ń wò mí lọ́nà láti bí oṣù kan, ẹ má bínú. Mo bímọ ni. Obìnrin ni, Àbẹ̀kẹ́ là ń pè é nílé. Ara ti ń le díẹ̀díẹ̀, mo sì ti ráyè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ni mo bá ní kí n fi ohun tójú mi rí láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe ẹ̀kọ́ wa tòní. Ọ̀rọ̀ fífún ìkókó lọ́mú ni.

Tó bá jẹ́ pé ọkùnrin ni yín, tàbí ẹ ò tíì lọ́kọ, ẹ má sá lọ. Ẹ máa rí i níwájú pé ọ̀rọ̀ náà kàn yín.

Biology ni mo kà ní yunifásítì. Tí ẹ bá gbé bébà fún mi lónìí, mo lè ya àwòrán ọmú, kí n sì kọ orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ sí i lára. Àmọ́ ní aago méjì òru ọjọ́ kẹta tí mo bímọ, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nílé wa ní Ìbàdàn, ọmọ ń ké, orí ọmú mi méjèèjì ti bó, ẹ̀jẹ̀ ń yọ lára ọ̀kan, mi ò sì mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ìyá ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé ife omi gúlúkóòsì dání. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, omi ọmú rẹ ò sun. Ebi ló ń pa ọmọ yìí. Jẹ́ kí n fún un ní nǹkan díẹ̀ kí ohùn ẹ̀ tó há."

Mi ò ní parọ́ fún yín, mo ti fẹ́ gbà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo ti ń fún ọmọ lọ́mú, ó sì dà bíi pé afẹ́fẹ́ ló ń mu. Ọkọ mi wò mí, ó wo ìyá ẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká mójú mọ́ ná." Orí ìyẹn la wà títí ilẹ̀ fi mọ́. Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń lọ nínú ọmú lóru ọjọ́ yẹn, nítorí òun gan-an ni mi ò rántí nígbà tí mo ń sunkún.

Ṣé lóòótọ́ ni ọmú ṣófo?

Rárá o. Láti bí àárín oyún ni ọmú ti máa ń pèsè omi ọmú àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ó máa ń ki, ó máa ń pupa rúsúrúsú, ó sì máa ń kéré. Àwọ̀ ẹ̀ yìí ló mú kí ọ̀pọ̀ ìyá àgbà máa sọ pé ó ti dọ̀tí, pé ó ti pẹ́ jù nínú ọmú, ká fún un dànù. Màámi náà sọ bẹ́ẹ̀. Kò dọ̀tí rárá. Èròjà carotene ló fún un ní àwọ̀ yẹn, irú èyí tó wà nínú kárọ́ọ̀tì àti epo pupa. Ó kún fún àwọn ọmọ ogun ara, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní IgA, tó máa ń bo inú ìfun ọmọ kí kòkòrò àrùn má baà rí ibi dì mú. Ó tún máa ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti tètè ya ìgbẹ́ dúdú tó gbé wá látinú ikùn ìyá ẹ̀. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ pé kí wọ́n gbé ọmọ sọ́mú láàárín wákàtí kan tí wọ́n bá bí i.

Ó kéré lóòótọ́, àmọ́ ikùn tó ń lọ náà kéré. Láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, ohun tí ìkókó máa ń mu lẹ́ẹ̀kan kì í sábà ju mìlílítà 2 sí 10 lọ. Ṣíbí kékeré tí a fi ń ro tíì, mìlílítà 5 ló ń gbà. Ìyẹn ni pé ìkán omi mélòó kan sí ṣíbí tíì méjì lọmọ nílò. Ẹni tó bá ń retí pé kí ọmú máa ya bí ẹ̀rọ omi lọ́jọ́ kìíní, kò ní rí i.

Ìgbà wo wá ni omi púpọ̀ ń dé? Nígbà oyún, ibi ọmọ máa ń tú họ́mọ́nù kan jáde tí wọ́n ń pè ní progesterone. Òun ló ń sọ fún ọmú pé, "Dúró ná, kò tíì yá." Tí wọ́n bá ti bímọ tí ibi ti jáde, progesterone á já wálẹ̀, ọmú á wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní pẹrẹu. Ó máa ń gba bí ọjọ́ méjì sí mẹ́rin kí ìyá tó mọ̀ ọ́n lára pé ọmú òun ti kún. Ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bí àkọ́bí, ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ dà lára ẹ̀, àti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. Bákan náà, tí díẹ̀ lára ibi bá ṣẹ́ kù sínú, omi ọmú lè má dé bó ṣe yẹ, nítorí pé progesterone ò tíì lọ tán. Ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àgbo, dókítà ló ń rí sí i.

Ẹ ò rí i báyìí pé ní òru ọjọ́ kẹta, àkọ́bí ni mo bí, ara mi ṣì wà nínú àkókò ẹ̀. Kò tíì sí ohun tó fi hàn pé ọmú mi gbẹ.

Ọmú àti ìyá olóúnjẹ

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé olóúnjẹ ṣàpèjúwe ẹ̀. Ẹ̀yà ara kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ, kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Tí ọmọ bá ń fa ọmú, ìṣísẹ̀ ẹnu ẹ̀ máa ń ránṣẹ́ lọ sí ọpọlọ, ẹ̀yà kékeré yìí á sì tú họ́mọ́nù méjì sínú ẹ̀jẹ̀. Prolactin ni alásè: òun ló ń ní kí àwọn àpò wẹ́wẹ́ inú ọmú ṣe omi ọmú. Oxytocin ni ẹni tó ń bu oúnjẹ: òun ló ń mú kí ẹran ara tó yí àwọn àpò náà ká sún kì, kí omi lè gba ọ̀nà tóóró lọ sí orí ọmú. Ẹ ti gbọ́ pé àbíyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ ẹ̀ kó má tatí were. Iṣẹ́ oxytocin wà níbẹ̀. Tí ìyá bá gbọ́ ẹkún ọmọ, tàbí tó gbóòórùn ẹ̀, omi ọmú lè máa sun kí ọmọ tó kan ọmú rárá.

Bí ìrora bá pọ̀, tí ọkàn ò sì balẹ̀, ẹni tó ń bu oúnjẹ yìí á lọ́ra. Oúnjẹ wà nínú ìkòkò, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń bù ú. Ohun tó ṣe èmi nìyẹn nígbà tí orí ọmú mi bó: ara mi á ti le gbandi kí wọ́n tó gbé ọmọ wá.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù rèé. Ìyá olóúnjẹ tí àwọn oníbàárà bá jẹ oúnjẹ ẹ̀ tán láàárọ̀, ṣebí á fi kún un lọ́la ni. Tí ìkòkò bá kún délẹ̀, á dín in kù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọmú ń ṣe. Bí omi ọmú bá ṣe ń jáde tó ni òmíràn ń wọlé tó. Tó bá pẹ́ níbẹ̀ láìjáde, àpò náà á kún, iṣẹ́ á sì falẹ̀. Nítorí náà, ife omi gúlúkóòsì tó wà lọ́wọ́ Màámi lóru yẹn, oníbàárà ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Ikùn ọmọ á kún, á sùn, kò ní fa ọmú fún wákàtí mẹ́ta mẹ́rin, ọmú á rò pé ọjà ò tà. Tó bá dọ̀la, omi ọmú á dín kù lóòótọ́, a ó wá sọ pé, "Ṣẹ́ ẹ rí i? A wí bẹ́ẹ̀!"

Ọ̀pọ̀ ọmú tí wọ́n ní ó gbẹ, bó ṣe ń gbẹ nìyẹn.

Kí n sọ nǹkan méjì kún un. Àkọ́kọ́, ọmú ńlá kò túmọ̀ sí omi ọmú púpọ̀. Ọ̀rá ló sábà máa ń jẹ́ kí ọmú kan tóbi ju èkejì lọ. Ìkejì, prolactin máa ń pọ̀ sí i lóru, nítorí náà ọmú tí ọmọ mu lóru ń ṣiṣẹ́ tó pọ̀ fún ti ọjọ́ kejì. Mo mọ̀ pé kò dùn mọ́ ẹni tó fẹ́ sùn.

Màmá Nọ́ọ̀sì dé

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ mi lọ pe ìyá àgbà kan ládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo rò pé ọmú mi ni wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Wọn ò tiẹ̀ wò ó. Wọ́n jókòó, wọ́n ní, "Ìyá Ìkókó, gbé e sọ́mú kí n rí i." Mo gbé e sọ́mú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Orí tìrẹ yìí mà wọ́ o."

Mo wò ó. Àyà àti ikùn ọmọ kọjú sókè sí àjà ilé, orí ẹ̀ nìkan ló yí sọ́dọ̀ mi, bí ẹni tó ń bá ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n yí orí tèmi sí èjìká, kí n wá gbé omi mì. Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò níbi tẹ́ ẹ jókòó sí. Ṣé ó rọrùn? Ohun tí mo ti ń fi ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ṣe nìyẹn.

Wọ́n wá fi ọwọ́ mú mi, wọ́n kọ́ mi báyìí:

Ìkíní, kí etí ọmọ, èjìká ẹ̀ àti ìbàdí ẹ̀ wà lórí ìlà kan. Kó yí gbogbo ara sọ́dọ̀ rẹ, kí ikùn ẹ̀ kan ikùn rẹ. Kí ó sún mọ́ ẹ pẹ́kípẹ́kí.

Ìkejì, kí imú ẹ̀ ló kọjú sí orí ọmú, kì í ṣe ẹnu ẹ̀. Báyìí ló ṣe máa gbé àgbọ̀n sókè tí ẹnu ẹ̀ á fi là dáadáa. Fi orí ọmú kan òkè ètè ẹ̀ díẹ̀, kí o sì dúró.

Ìkẹta, tó bá ya ẹnu gbàràgàdà bí ẹni tó ń yán, gbé ọmọ wá sọ́mú kíákíá. Má gbé ọmú lọ bá ọmọ. Àgbọ̀n ẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kan ọmú. Má di orí ẹ̀ mú láti ẹ̀yìn, ọrùn àti èjìká ni kí o fọwọ́ tì.

Ìkẹrin, tó bá ti mú un, wò ó. Ibi dúdú tó yí orí ọmú ká, èyí tó hàn lókè ètè ẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ ju tìsàlẹ̀ lọ. Ètè ìsàlẹ̀ á yí síta. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ á yọ, kò ní jìn wọlé. Wàá máa gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì.

Kí ló dé tí gbogbo èyí fi ṣe pàtàkì? Ẹ fi ahọ́n yín kan àjà ẹnu yín. Ọ̀dọ̀ eyín níwájú le bí egungun. Tí ẹ bá ń fa ahọ́n lọ sẹ́yìn, ẹ máa kan ibì kan tó rọ̀. Ibi tó rọ̀ yẹn lápá ẹ̀yìn ló yẹ kí orí ọmú dé. Tí ọmọ bá mú orí ọmú nìkan, àárín ahọ́n àti ibi tó le ni á há sí, á máa lọ̀ ọ́ bí ẹni ń lọ ata. Ìyá á bó, ọmọ ò sì ní rí omi fà, nítorí pé ọmú ni ọmọ ń mu, kì í ṣe orí ọmú. Tí ọmú bá ń dun ìyá lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ara ń sọ fún un pé nǹkan kan ò tọ́ níbi tí ọmọ ti mú un ni. Kì í ṣe ìyà tí abiyamọ gbọ́dọ̀ fara dà.

Mo fi ìka kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọmọ kí ó lè tú ọmú sílẹ̀, mo tún un gbé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tún un ṣe. Ìkẹrin yẹn, mo gbọ́ ọ: gbì... gbì... gbì. Ọmọ ń gbé nǹkan mì. Màámi tí wọ́n dúró létí ilẹ̀kùn gbọ́ ọ pẹ̀lú.

Òṣùwọ̀n ò mọ ojú ẹnikẹ́ni

Èmi ti rò pé ó ti tán, àmọ́ Màmá Nọ́ọ̀sì béèrè pé, "Ẹ̀ẹ̀melòó ló tọ̀ láti àná?" Mo ní ẹ̀ẹ̀kan, àwọ̀ ẹ̀ sì pọ́n bíi bíríkì. Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní ká dìde, ó di ilé ìwòsàn.

Ìwọ̀n 3.2 kg la bí Àbẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin yẹn, òṣùwọ̀n ní 2.9 kg. Gbogbo ìkókó ló máa ń fọn díẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, nítorí omi ara tó ń jáde àti ìgbẹ́ dúdú tó ń yà. Tí kò bá ju ìdá 7 nínú 100 lọ, wọn kì í sábà mikàn. Tó bá ti ń lọ sí 10 nínú 100, wọ́n gbọ́dọ̀ wá ìdí ẹ̀. Tiwa ti ju 9 lọ. Wọ́n yẹ ojú àti awọ ara ẹ̀ wò, wọ́n ní ara ẹ̀ ò gbóná, ó sì lágbára láti fa ọmú. Wọ́n fún wa ní ọjọ́ kan: tí kò bá yí padà lọ́la, wọ́n á dá a dúró, wọ́n á sì fún un ní àfikún oúnjẹ.

Ohun tí wọ́n ní ká ṣe rèé. Kí n máa gbé e sọ́mú ní gbogbo wákàtí méjì sí mẹ́ta, tọ̀sán tòru, kó má dín ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí méjìlá láàárín wákàtí 24. Tó bá ń sùn, kí n jí i: kí n bọ́ aṣọ ẹ̀, kí n gbé e sáyà ní ìhòòhò, kí n fọwọ́ ra àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀. Ọmọ tí ebi ti pa jù máa ń sùn ni, ẹ má rò pé ó yó. Tó bá mu tán, kí n fọwọ́ fún èyí tó kù sínú ife mímọ́, ká sì fi ife náà fún un mu.

Fífún ọmú lọ́wọ́, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ fọ ọwọ́ dáadáa. Ẹ fi àtàǹpàkò sí òkè, ìka ìfábẹ̀lá sí ìsàlẹ̀, kí wọ́n fi bí ìbú ìka méjì jìnnà sí orí ọmú. Ẹ kọ́kọ́ tì í sẹ́yìn sí àyà, kí ẹ tó wá pa ìka méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì jọ̀wọ́ ẹ̀. Ẹ má fa orí ọmú fúnra ẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ lè má mú nǹkan kan jáde, ẹ má fi sílẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ohun tí mo rí fún ò kún ìsàlẹ̀ ife. Mo fẹ́ sunkún. Màámi gba ife náà lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ó pọ̀ o. Ọmọ ọjọ́ mẹ́rin mélòó ló máa mu?" Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n ti yí padà.

Ohun tí mi ò lè sọ

Mo mọ ìgbà náà, kí n má tàn yín. Nígbà tí a dé láti ilé ìwòsàn ni. Màámi sọ fún Màmá Nọ́ọ̀sì pé, "Mo rọ ọmọ mi lágbo, mo fún un lómi, kò ṣe é ní nǹkan kan. Òun ló di ọkùnrin gìrìwò yìí." Èmi ìyàwó ilé, mi ò lè fèsì irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ wọn ló lè fèsì ẹ̀. Màmá Nọ́ọ̀sì ní, "Òótọ́ ni, ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀pọ̀ wa la rọ, a ò sì kú. Àmọ́ àwọn tó kú ò sí níbí láti bá wa dá sí i."

Màámi ò sọ̀rọ̀. Ọmọ méjì ni wọ́n bí ṣáájú ọkọ mi. Kò sẹ́ni tó mọ àwọn méjèèjì.

Mi ò sọ pé omi ló pa wọ́n. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé inú omi àti àgbo tí a kò mọ bó ṣe mọ́ tó ni kòkòrò àrùn ti máa ń rí ọ̀nà gbà wọ ìfun ìkókó. Kíndìnrín ẹ̀ ò tíì gbó láti darí omi púpọ̀, iyọ̀ ara ẹ̀ lè lọ sílẹ̀ débi tí gìrì á fi gbé e. Tí ẹ bá rọ̀ ọ́ láti fi tipátipá gbé e mì, ó lè gba ọ̀nà òfuurufú wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀rọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ńkọ́? Nínú 100 ìdá omi ọmú, bíi 87 ló jẹ́ omi lásán. Nínú ooru wa yìí náà, ó tó o. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù mẹ́fà, kó sì máa mu ún lọ pẹ̀lú oúnjẹ mìíràn títí á fi pé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 29 péré ló ń mu ọmú nìkan.

Láti ọjọ́ yẹn, Màámi ló ń gba ọmọ tí mo bá fún un lọ́mú tán. Àwọn ló ń fi ife fún un mu: wọ́n á gbé e jókòó díẹ̀, wọ́n á fi etí ife kan ètè ìsàlẹ̀ ẹ̀, ọmọ á máa fi ahọ́n lá a fúnra ẹ̀. Wọn ò dà á sí i lẹ́nu. Ẹ̀kọ gbígbóná àti ẹ̀fọ́ ò wọ́n mi. Kí n sọ ọ́ kó yé wa: oúnjẹ ń fún ìyá lágbára, àmọ́ kò sí oúnjẹ tó lè dípò kí ọmọ fa ọmú. Ẹmu tí wọ́n máa ń ní kí abiyamọ mu ńkọ́? Kì í pẹ́ tí wọ́n bá dá a tó fi ń di ọtí, ọtí a sì máa dí oxytocin lọ́wọ́. Ẹ fi sílẹ̀.

Nígbà tí ọmú bá kún jù

Ọjọ́ karùn-ún, ọmú mi ya ilé. Ó le bí òkúta, ó gbóná, Àbẹ̀kẹ́ ò sì rí ibi mú, nítorí pé ibi dúdú ti na gbọnrangandan. Tó bá ṣe yín, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ fún díẹ̀ dànù tàbí sínú ife kí ibẹ̀ lè dẹ̀, kí ẹ tó gbé ọmọ sí i. Tí ọmọ bá mu tán, ẹ fi aṣọ tí ẹ rì sínú omi tútù lé e. Ẹ má fi omi gbígbóná jó o, ẹ má sì fi agbára rún un, ó lè wú sí i. Ojú bíbó, ẹ kán omi ọmú díẹ̀ sí i, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra ẹ̀. Tí apá kan ọmú bá pọ́n, tó ń ta, tí ibà sì mú ìyá, ó nílò dókítà, àmọ́ kó má dá ọmọ dúró lẹ́nu ọmú. Kò ní pa ọmọ lára.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó yó?

Ẹkún nìkan ò tó, ọmọ máa ń sunkún nítorí òtútù, àárẹ̀, àti kí wọ́n ṣáà gbé òun. Ẹ ka ohun tó ń jáde:

– Ìtọ̀: ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ kìíní, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́jọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kẹta. Láti ọjọ́ karùn-ún lọ, ẹ̀ẹ̀mẹfà tàbí jù bẹ́ẹ̀, kó sì mọ́.
– Ìgbẹ́: dúdú ni yóò kọ́kọ́ jẹ́, á di bí ewé, tó bá fi máa di ọjọ́ karùn-ún á ti pupa rúsúrúsú.
– Ìwọ̀n: kí ó ti padà sí ìwọ̀n tí wọ́n fi bí i kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má dúró dọ̀la, tí ó bá rọ tí kò jí fún ọmú, tí kò bá tọ̀ fún bí wákàtí mẹ́jọ lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, tí ara ẹ̀ gbóná tàbí tó tutù jù, tí ojú tàbí awọ ẹ̀ ń pupa rúsúrúsú, tí gìrì gbé e, tàbí tó ń mí gúlegúle.

Tí dókítà bá sì sọ pé ọmọ nílò mílíìkì alágolo, ẹ fún un. Àwọn ìyá kan wà tí ara wọn ò lè ṣe omi ọmú tó, bí wọ́n ṣe gbìyànjú tó. Ọmọ tó yè ni gbogbo wa ń wá. Ẹ ṣáà jẹ́ kí omi tí ẹ fi ń pò ó hó dáadáa, kí ẹ sì tẹ̀ lé ìwọ̀n tó wà lára agolo.

Lọ́jọ́ karùn-ún, òṣùwọ̀n ní 2.93 kg. Kò pọ̀, àmọ́ wọ́n ní ká máa lọ sílé. Lọ́jọ́ kẹjọ tí a kó o jáde, ó ti di 3.05. Ọjọ́ kẹtàlá, 3.25 kg. Ọkọ mi ya àwòrán òṣùwọ̀n náà sórí fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí bíi pé èsì ìdánwò ni.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ ò ní ọmú, àmọ́ ẹ ní ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ lè fi lọ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ sì ní ẹnu tẹ́ ẹ lè fi sọ pé, "Màámi, ẹ jẹ́ ká mójú mọ́ ná." Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá bímọ, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wo bí ọmọ ṣe mú ọmú kí ẹ tó kúrò nílé ìwòsàn. Èmi ò béèrè, wọn ò sì wò ó.

Àbẹ̀kẹ́ ti jí. Ẹ bá mi kí àwọn abiyamọ ilé yín. Ó dìgbà kan ná.